Àdéhùn Kò Lè Ṣọ́ Ìlú: Ohun tí Kírìjì àti Arméníà Ń Kọ́ Àríwá Èkìtì

Ọba mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29, oṣù Ṣẹrẹ, ọdún 2024. Ìrèlé-Èkìtì ni wọ́n ti ń bọ̀, ilé ni wọ́n sì ń lọ. Kí wọ́n tó dé ilé, àwọn agbébọn yọ sí wọn. Elésùn ti Èsùn-Èkìtì wàjà lójú ọ̀nà. Onímòjò ti Ìmòjò-Èkìtì wàjà lójú ọ̀nà. Alárá ti Ará-Èkìtì nìkan ni orí kó yọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn agbébọn jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹ̀mùrẹ́-Èkìtì. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ 1, oṣù Èrèlé, wọ́n wọ ààfin Olúkòrò ti Kòrò, wọ́n pa ọba náà sínú ilé ara rẹ̀, wọ́n sì jí olorì rẹ̀ gbé lọ.

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ yẹn dáadáa yóò rò pé Kòrò wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kò sí níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara ló wà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Èkìtì. Nítorí náà, nígbà tí ìbánikẹ́dùn bẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ìwé tí wọ́n kọ òkú Èsùn àti Ìmòjò sí, ọ̀tọ̀ ni ìwé tí wọ́n kọ òkú Kòrò sí. Ọ̀tọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí níhìn-ín, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń ṣèwádìí lọ́hùn-ún. Ọba mẹ́ta kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin lórí ilẹ̀ tí èdè rẹ̀ jọra, tí igbó rẹ̀ so kọ́ra, síbẹ̀ ìjọba kà wọ́n bí ẹni ń ka òkú orílẹ̀-èdè méjì. Àwọn apànìyàn nìkan ni kò ka ààlà náà sí.

Àgbẹ̀ tó ń gbé ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Iléjẹméje, kò rí ààlà Èkìtì àti Kwara lára iṣu tó ń gbìn, bẹ́ẹ̀ ni kò rí i lára igi tó ń gé. Ọjà tó ń ná lè wà ní òdìkejì, àna rẹ̀ lè wà níbẹ̀, ibojì ìyá bàbá rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí agbébọn bá wọ oko rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ààlà wà. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tó ń lépa wọn yóò dé ibì kan, wọn yóò dúró, nítorí pé àṣẹ tí ìjọba wọn fún wọn parí síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń lépa kò ní dúró.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé yìí? Àwọn kan ń sọ pé àìsí owó ni. Àwọn mìíràn ń sọ pé àìsí ìbọn ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìdáhùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ yìí fi hàn pé àrùn kan ti wà ṣáájú owó àti ìbọn: nígbàkúùgbà tí àwọn ènìyàn Èkìtì bá ti fi ìṣọ̀kan gba ara wọn sílẹ̀, wọn a fi òmìnira náà sínú ìwé, wọn a fa ìwé náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọn a sì lọ sùn. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ẹni tó sì gbójú lé ìwé àdéhùn fi ìlú rẹ̀ fún ọ̀tá ta.

Kí Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ìlú Èkìtì ti jìyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbàdàn ń ṣẹ́gun wọn, ó ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú wọn, ajẹ́lẹ̀ náà sì ń jẹ lórí wọn bí ó ti wù ú. Ìlọrin àti Núpé náà ń kó wọn lẹ́rú láti apá àríwá. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní odi tirẹ̀, ó ní ọba tirẹ̀, ó ní akọni tirẹ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò dìde ní Ìkọ̀lé nígbà tí wọ́n bá ń jó Ọyẹ́, tàbí ẹni tí yóò sáré wá láti Ìdó nígbà tí ogun bá dé Ọ̀tùn. Ọ̀tá kò ní láti bá Èkìtì jà rárá. Ìlú kan lẹ́yìn òmíràn ló ń bá jà.

Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà ní ìlú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, Ìbàdàn ìbá ti fọ́ Òkè-Ìmẹ̀sí túútúú, ìtàn ìbá sì ti gbàgbé orúkọ Fábùnmi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló yí ìtàn padà. Àwọn ìlú yòókù kò sọ pé ìjàngbọ̀n Òkè-Ìmẹ̀sí kò kàn wọ́n. Èkìtì dìde, Ìjẹ̀ṣà dìde, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà ni, kì í ṣe Èkìtì. Kò sí ẹni tó jẹ́ kí ìyẹn dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣòwò, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ìró àgbá tó ń dún lórí àwọn òkè yẹn ni ogun náà ti gba orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ìbàdàn, tó jẹ́ alágbára jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ní àkókò yẹn, kò lè ṣẹ́gun wọn. Ó sọ ogun náà di ti ọdún gbọọrọ. Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó ní ọdún 1885, ogun kò parí. Ní ọdún 1886, lẹ́yìn tí àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín bùdó méjèèjì gẹ́gẹ́ bí aṣojú gómìnà Èkó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ní ọjọ́ 23, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ọdún náà ni wọ́n kéde rẹ̀. Ìwé náà sọ ọ́ ní kedere pé Èkìtì kò sí lábẹ́ Ìbàdàn mọ́.

Ibi tí àwọn oníjó àti onílù máa ń parí ìtàn sí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí Kírìjì. Ó yẹ kí a ka ìtàn náà síwájú díẹ̀.

Ìwé yẹn kan náà ló sọ pé Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Àwọn tó jókòó nídìí àdéhùn ló pinnu ìlú ẹni tí yóò jẹ́ ti ta ni. Ìwé náà sọ pé ogun ti parí, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá títí di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Gilbert Carter wá láti Èkó. Ọdún 7 gbáko ló wà láàárín ìgbà tí ìwé sọ pé àlàáfíà ti dé àti ìgbà tí àlàáfíà dé. Láàárín ọdún 7 yẹn, ohun tó ń ṣọ́ òmìnira Èkìtì ni bùdó tí wọn kò tíì tú. Nígbà tí bùdó tú, ìwé nìkan ló kù, onílàjà sì di onílé. Kò pẹ́ tí Òyìnbó tí wọ́n pè wá bá wọn parí ìjà fi di ẹni tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí àti ibi tó parí sí.

Ẹ̀rí èyí tó dájú jù lọ wà ní Ọ̀tùn. Ọ̀ọrẹ̀ ti Ọ̀tùn wà lára àwọn ọba tó lórúkọ jù lọ nínú Èkìtì Parapọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ sí Àríwá àti Gúúsù ní ọdún 1900, Ọ̀tùn bọ́ sí Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Ìlú tó jagun kí ó má baà sí lábẹ́ Ìbàdàn bá ara rẹ̀ lábẹ́ Ìlọrin láìsí ìbọn kan tó dún. Kò sí ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀. Kálàmù ló ṣe é. Ọdún 1936 ni Ọ̀tùn tó padà sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀. Kòrò, Òsì, Ẹ̀rúkù àti àwọn ìlú Ọ̀pìn kò padà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink jókòó ní ọdún 1957 sí 1958 láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké kí òmìnira tó dé, ọ̀rọ̀ Ìlọrin àti Kàbà dé iwájú wọn. Ìgbìmọ̀ náà kò gbà pé kí wọ́n kàn sún ààlà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì dé ní ọjọ́ 1, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1996, ààlà tí Òyìnbó fà ni wọ́n sì fi pààlà rẹ̀ ní ìhà àríwá.

Àwọn tó bá rò pé Èkìtì nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, kí wọ́n wo Arméníà.

Ní ọdún 1915, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń jà, ìjọba Ottoman dojú kọ àwọn ará Arméníà tí wọ́n jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 24, oṣù Igbe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn aṣáájú wọn, àwọn òǹkọ̀wé wọn àti àwọn olùkọ́ wọn ní Constantinople. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lé àwọn ènìyàn jáde nílé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn wọ́n lọ sí aṣálẹ̀ Síríà. Wọ́n ń pa wọ́n lójú ọ̀nà, ebi àti òùngbẹ sì ń pa èyí tó ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé àwọn tó kú tó mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù Èbìbí ọdún 1918, Rọ́ṣíà ti fi ojú ogun sílẹ̀ nítorí ìdàrúdàpọ̀ tó wà nílé rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Ottoman sì ń bọ̀ wá sí Yerevan. Kò sí ibi tí àwọn tó ṣẹ́kù lè sá lọ mọ́. Ní Sardarabad, àwọn ọmọ ogun díẹ̀ tí wọ́n ní, pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀, àwọn àlùfáà àti àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ àti omi, dúró, wọ́n sì dá ọ̀tá padà. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè olómìnira. Bí wọ́n bá pàdánù ogun yẹn, ó ṣeé ṣe kí orúkọ Arméníà má sí lórí àwòrán ilẹ̀ ayé lónìí.

Lẹ́yìn ogun, àwọn alágbára ayé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé fún wọn. Àdéhùn Sèvres, ọjọ́ 10, oṣù Ògún, ọdún 1920, gbà pé Arméníà jẹ́ orílẹ̀-èdè, ó sì ní kí Ààrẹ Wilson ti Amẹ́ríkà fa ààlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà ti kọ̀ ní oṣù Òkúdu ọdún yẹn pé àwọn kò ní gba ìtọ́jú Arméníà. Wilson fa ààlà náà ní oṣù Bélú, ó sì fà á gbòòrò títí dé etí Òkun Dúdú. Nígbà tí ó ń fà á, àwọn ọmọ ogun Tọ́kì ti gba Kars, wọ́n ti gba Alexandropol. Ní ọjọ́ 2, oṣù Ọ̀pẹ, ìṣàkóso bọ́ sọ́wọ́ àwọn Bọ́ṣífíìkì. Ìjọba olómìnira náà kò lò ju ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn alágbára tún jókòó ní Lausanne ní ọdún 1923 láti kọ àdéhùn tuntun pẹ̀lú Tọ́kì, orúkọ Arméníà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Àwọn tó ṣe ìlérí náà ló pa á rẹ́.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì tán síbẹ̀. Arméníà tún gba òmìnira ní ọdún 1991. Ní Nagorno-Karabakh, lẹ́yìn ogun ọdún 2020, wọ́n fọwọ́ sí ìwé mìíràn, Rọ́ṣíà sì kó ọmọ ogun wá gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ àlàáfíà. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2023, Azerbaijan kọlu ibẹ̀. Àwọn olùṣọ́ wà níbẹ̀, wọn kò dá a dúró. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lé ní 100,000 ènìyàn tó kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì fi ilé baba wọn sílẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àfiwé yìí ti pọ̀ jù. Wọn yóò ní Kírìjì jẹ́ ogun Yorùbá sí Yorùbá, àti pé kò sí ẹni tó gbèrò láti pa gbogbo Èkìtì run. Òtítọ́ ni. Ohun tí ojú Arméníà rí ní ọdún 1915 kò ní ẹgbẹ́ nínú ìtàn Èkìtì, ẹni tó bá sì fi wọ́n dọ́gba ń tàbùkù òkú àwọn ènìyàn yẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní Sardarabad àti ní òkè Ìmẹ̀sí, àwọn tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn parapọ̀, wọ́n sì yè. Ní Sèvres àti lórí tábìlì àwọn tó pín Nàìjíríà, ẹlòmíràn ló di kálàmù mú, àwọn onílẹ̀ sì pàdánù ohun tí ìbọn kò gbà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé bí ààlà bá jẹ́ ìṣòro, kí wọ́n sún ààlà náà, kí Kòrò àti Ẹ̀rúkù padà sí Èkìtì. Ẹ̀tọ́ ni kí ìlú béèrè ohun tó fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ka abala 8 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin tó ń ṣojú àgbègbè tó ń béèrè àti àgbègbè tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ní Àbújá, ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ní ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ilé aṣòfin yóò tún dìbò. Ọ̀tùn fi bí ọdún 36 dúró de kálàmù kan lábẹ́ Òyìnbó. Àwọn agbébọn kò ní dúró fún ọdún 36. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sún ààlà lọ́la, ibi tuntun tó bá dé náà yóò ní igbó lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan náà ló yẹ kí a sọ fún àwọn tó gbà pé orílẹ̀-èdè Yorùbá ni òògùn. Arméníà ní àsíá ní ọdún 1918, ó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní olórí ìjọba. Ohun tí kò ní ni alájọṣe tí yóò dúró tì í lọ́jọ́ ìpọ́njú. Ìlú tí kò lè ṣọ́ ọ̀nà oko rẹ̀ lábẹ́ àsíá Nàìjíríà kò ní ṣọ́ ọ lábẹ́ àsíá mìíràn, títí tí yóò fi kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí Ẹ̀dá-Oníyọ̀ àti àwọn ìlú tó yí i ká lè sùn ní òru kan ná.

Ti àwọn tó ní kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá àpapọ̀ ló burú jù. Ìwé òfin sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní, Àbújá sì ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù mọ̀ pé ìyẹn kò tó. Òun ló mú kí wọ́n ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9, oṣù Ṣẹrẹ, ọdún 2020. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ìlà tó pín Ọ̀tùn kúrò lára Èkìtì ní ọdún 1900 náà ló pín Àmọ̀tẹ́kùn ní ọdún 2020. Kwara kò sí lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà náà, nítorí pé àárín gbùngbùn àríwá ni wọ́n kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni Èkìtì ń ṣọ́ iwájú ilé, ẹ̀yìnkùlé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní ọjọ́ 18, oṣù Bélú, ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn kan ní Ẹ̀rúkù nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbàdúrà. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ sínú igbó. Àwọn 38 ni ìjọba kéde lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ pé wọ́n ti gba ìtúsílẹ̀. Ọ̀nà láti Ẹ̀rúkù sí àríwá Èkìtì kò jìn. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ta ni yóò sọ pé wọn kò sọ èyí tẹ́lẹ̀?

Kí wá ni kí wọ́n ṣe? Kírìjì ti fi ọ̀nà hàn, kò sì sí ohun tuntun nínú rẹ̀.

Èkíní, kí àwọn ọba jókòó pọ̀ láìka ààlà sí. Àwọn ọba Èkìtì ti ní ìgbìmọ̀ Pẹ̀lúpẹ̀lú. Kò sí òfin tó ní kí Ẹlẹ́kọ̀lé, Ọlọ́yẹ́, Olójùdó, Ọ̀ọrẹ̀ àti àwọn ọba Iléjẹméje má pe àwọn ọba Òsì, Ọ̀pìn, Kòrò àti Ẹ̀rúkù sí ìpàdé oṣooṣù lórí ọ̀rọ̀ ààbò nìkan. Ọba Èsùn, ọba Ìmòjò àti ọba Kòrò ti pàdé nínú ikú. Ó yẹ kí àwọn tó jẹ tẹ̀lé wọn pàdé nígbà tí ẹ̀mí wà.

Èkejì, kí ilé aṣòfin Èkìtì àti ti Kwara ṣe òfin tó bára mu, kí gómìnà méjèèjì sì fọwọ́ sí ìlànà kan, tí yóò jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ìpínlẹ̀ kan gbà sí iṣẹ́ lè máa lépa agbébọn dé inú igbó ìpínlẹ̀ kejì, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ sì máa dúró dè wọ́n. Ìwé ni èyí náà, òótọ́ ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tí yóò kọ ọ́ ni àwọn tí yóò lò ó, ẹsẹ̀ ọdẹ ni yóò sì máa dán an wò lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà rántí ohun tí àwọn ọmọ Èkìtì Èkó ṣe. Lónìí, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ra ìbọn; òfin kò gbà á. Alùpùpù, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, bàtà, owó ìtọ́jú fún ọdẹ tó fara gbọgbẹ́ àti owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọdẹ tó kú ni ìlú ń fẹ́. Owó tí wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìlú kan, tí wọ́n fi ń ra aṣọ ẹgbẹ́, tí wọ́n fi ń pe olórin, tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ìlú, kí ó má baà di oúnjẹ ẹnì kan.

Ẹ̀kẹrin ló le jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ìṣọ́ yìí di ogun sí ẹ̀yà kan. Ìbínú wà, kò sì ṣòro láti mọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ìjọba tó pa Arméníà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nípa sísọ pé gbogbo ẹ̀yà kan, ọmọdé àti arúgbó, jẹ́ ọ̀tá. Darandaran tó ti ń gbé ní ìlú láti ìgbà baba rẹ̀, tí ó mọ ojú igbó, tó sì ń sọ fún ọdẹ pé òun rí àjèjì, ó wúlò ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń pariwo lórí ìkànnì lọ. Apànìyàn ni kí wọ́n máa lépa. Ẹni tó bá ń lépa èdè tàbí ẹ̀sìn yóò pàdánù ẹni tó lè tọ́ka apànìyàn fún un.

Àwọn olóṣèlú yóò sọ pé àwọn ti ń ṣe gbogbo èyí. Ìdánwò rẹ̀ kò le. Bí agbébọn bá jí ènìyàn gbé ní ààlà ní òru òní, ṣé ọdẹ tó wà ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀ mọ orúkọ ọdẹ tó wà ní òdìkejì? Ṣé ó ní nọ́ńbà rẹ̀? Ṣé ó ti bá a rìn nínú igbó rí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé Èkìtì Parapọ̀ kò sí mọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan la ń pè.

Ní ọjọ́ 23, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tó ń bọ̀, ìlù yóò tún dún, wọn yóò tún kí Fábùnmi, wọn yóò tún kí Ògèdèǹgbé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn akọni ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Fábùnmi kò fi Òkè-Ìmẹ̀sí nìkan borí, Ògèdèǹgbé kò sì béèrè ìlú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá kí ó tó gbà á sí bùdó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Títí di ọjọ́ tí ọwọ́ Kwara àti ọwọ́ Èkìtì yóò fi pàdé nínú igbó tó wà láàárín wọn, ọ̀nà Ìrèlé àti ọ̀nà Kòrò yóò máa dúró de ọba mìíràn.